Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Báwo ni ara? Ṣé òtútù ibẹ̀ ṣì ń bá ọ fà á? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa. Mo ní ẹni tó ń gbé táyà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò lè ṣàìjẹun. Àwa náà wà. Ìbàdí mi ti san, àfi tí mo bá jókòó pẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ ló máa ń rán mi létí pé òun ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó kà á. Alùpùpù mi ti di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Má tíì dá mi lóhùn, kọ́kọ́ gbọ́. Dókítà ló sọ pé ẹsẹ̀ òsì mi kò ní lè gbé alùpùpù ró mọ́ tó bá dúró lójú kan. Kò sọ pé n kò lè gùn ún tó bá lè dá dúró fúnra rẹ̀. Mo wá ní kí wọ́n bá mi tì í lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó gé ẹ̀yìn rẹ̀, ó jó ọ̀pá irin gbọọrọ kan mọ́ ọn, ó sì fi táyà méjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ṣéènì ń fà á. Bíréèkì ń mú.

Táyà yẹn nìkan ni kò gbọ́ràn. Ọ̀kan jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ọ̀kan jẹ́ ti mọ́tò àtijọ́ kan tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú. Nígbà tí mo gùn ún yí ilé ká, bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo ṣe ń lọ, àwọn ará àdúgbò sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ kò tiẹ̀ bo ẹnu tirẹ̀.

Ìwọ lo wà níbi tí táyà wà. Bá mi wá méjì tó dọ́gba, kí o fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti lò ó díẹ̀, kò burú. Mo ti wọn èyí tó ga nínú wọn, torí òun ni wẹ́dà ní ó tọ́. Íǹṣì méjìléláàádọ́rin ni. Mo mọ̀ pé fóònù wà, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé n kì í gba ìwọ̀n lẹ́nu. Ohun tí èèyàn bá máa gé, ó yẹ kó wà lórí ìwé.

Ìyá rẹ ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Òtútù kò tíì jẹ mí tán, ó kù díẹ̀ lára mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, níbi tí mo jókòó sí lórí òkìtì táyà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi wá wo ohun tó dé. Ẹ rántí ọ̀gá mi, bàbá àgbà tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́ torí pé bí ṣọ́ọ̀bù bá ń jóná, yóò rin ìrìn ẹ̀sọ̀ jáde. Mo sọ fún un pé ìyá mi fẹ́ táyà oníǹṣì méjìléláàádọ́rin. Ó ronú, ó wá bi mí bóyá ẹ̀yin lẹ ń ṣe títì. Màmá, táyà tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò ní gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Ẹ ti fi tépù yí i ká bí ẹni ń wọn ìdí síkẹ́ẹ̀tì. Láti etí kan sí etí kejì la ti ń wọn táyà, kí tépù kọjá láàárín gbùngbùn rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ tún ní gíga táyà kọ́ ni àkọ́kọ́. Ihò tí bóòtù ń gbà kọjá ni àkọ́kọ́. Bí ihò ara ríìmù kò bá dọ́gba pẹ̀lú bóòtù tó wà lára alùpùpù, táyà tó dára jù láyé kò ní wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ wọn nǹkan kan mọ́. Ẹ máa bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹnì kan wà tó fẹ́ ra alùpùpù náà. Ẹ tà á fún un. Ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìbàdí yín dá lórí àtẹ̀gùn ilé tí kì í rìn, kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ lórí ohun tó ń sáré? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo jìnnà, bí nǹkan kan bá ṣe yín, kí n tó dé, ó di ọjọ́ mélòó? Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbé yín lọ síbi tí ẹ bá fẹ́. Wọ́n fẹ́ràn yín, wọn kò ní kọ̀.

Ọmọ yín,
Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Ẹlẹ́rìn-ín,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rí i pé o ti di ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́, mà.

O ní kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbé mi. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, torí o kò sí nílé. Mo ní ibi tí mo fẹ́ lọ láago mẹ́jọ. Onímọ́tò tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa ní òun ń bọ̀. Mo wọṣọ, mo gbé báàgì ìránṣọ mi lé itan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ń bọ̀ lóòótọ́, èèyàn rere ni, àmọ́ ó ní tirẹ̀ láti ṣe. Nígbà tó bá fi dé, èèyàn tí mo fẹ́ lọ bá ti jáde. Nígbà mìíràn, a ó débẹ̀ lásìkò, n kò ní tíì wọn ẹ̀wù tán tí yóò ti máa tẹ fèrè níta. Màá sì máa dúpẹ́ lọ, màá máa dúpẹ́ bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dúpẹ́. Èmi tí mo fi ẹ̀yìn alùpùpù yìí gbé ọ lọ sílé ìwé, tí mo gbé ọ lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ara rẹ gbóná, mo ti wá di ẹrù tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni yóò gbé e.

Ó tún ku èyí tó burú jù. Ọ̀gá ilé ìwé tí mo ń rán aṣọ fún ránṣẹ́ sí mi. Ó ní lọ́dún yìí, ẹni tó bá máa rán aṣọ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wá wọ̀n wọ́n fúnra rẹ̀, kíláàsì sí kíláàsì, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ tí wọn yóò pè wọ́n wá nínú ìsinmi, láago méje àárọ̀. Ta ni yóò máa gbé mi débẹ̀ láago méje lójoojúmọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan? Aránṣọ mìíràn ti ya ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọn, ó ń juwọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá ń kọjá. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣòkòtò ya, bọ́tìnnì já ló kù fún mi. Mo ṣì lè ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ọmọ mi. N kò tíì ṣetán láti jókòó.

Nítorí náà, mo ti wọ̀n ọ́n bí o ṣe wí. Láti etí sí etí, íǹṣì mẹ́tàlélógún. Ihò mẹ́rin ni. Láti àárín bóòtù kan sí àárín èyí tó dojú kọ ọ́, íǹṣì mẹ́rin àbọ̀. Láti ara táyà sí irin tó bò ó lórí, ìka mẹ́ta lè kọjá. Ǹ bá ní kí bàbá rẹ ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́, gbogbo ohun tó bá yà ń jọ kùrukùru.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi pẹ́, iṣẹ́ yín ni mo ń ṣe.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ké nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ó ti rẹ̀ yín láti máa dúpẹ́. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo rò pé bí wọ́n bá ti ń gbé yín, ó tán. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, àmọ́ mo ti wá táyà yín.

Jẹ́jẹ́ fún mi láyè láti tú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wò, níbi tí a ń kó táyà tí àwọn oníbàárà bọ́ sílẹ̀ sí. Ó ní méjì tó bá wù mí ni kí n mú. Ẹ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tí mo rí ń dán bíi dígí, inú mi dùn, àfi bí mo ṣe ka ihò wọn tó jẹ́ márùn-ún. Mo rí òmíràn tí ihò rẹ̀ pé mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ jù. Jẹ́jẹ́ ní ìka mẹ́ta tí ẹ sọ kò ní kù síbẹ̀ mọ́, yóò máa ha irin orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bọ́ sínú kòtò. Òmíràn tún wà tó bá gbogbo rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò ní ìkejì. Ọjọ́ Sátidé ni mo tó rí àwọn tí mo fẹ́, lábẹ́ gbogbo ẹrù, tí eruku bò. Ihò mẹ́rin, íǹṣì mẹ́rin àbọ̀, gíga mẹ́tàlélógún, àwọn méjèèjì dọ́gba bí ìbejì. Mo fọ̀ wọ́n, mo fún wọn ní atẹ́gùn, mo wò wọ́n nínú omi bóyá wọ́n ń jò, wọn kò jò.

Mo ti fi wọ́n rán ẹni tó ń bá wa kó ẹrù lọ sílé. Ojú omi ni yóò gbà, ẹ ní sùúrù. Bí wọ́n bá dé, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi òòlù gbá wọn wọlé. Bí ó bá ń di nọ́ọ̀tì wọn, kó má dì wọ́n tò léra, kó di ọ̀kan, kó sì bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹ sì dé akoto. N kò bẹ̀ yín, mo pàṣẹ ni.

Ẹlẹ́rìn-ín yín

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ẹlẹ́rìn-ín,

A dúpẹ́ pé o wà láàyè. Táyà rẹ dé lánàá.

Mo mọ bùláńkẹ́ẹ̀tì tí o fi wé wọn. Èmi ni mo fún ọ. Bàbá rẹ àti onímọ́tò tó dojú kọ wa ló gbé wọn wọlé, wẹ́dà wá, àwọn aládùúgbò wá, kódà ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù náà wá, ó fi ọwọ́ sápò. Mo ti fọ akoto sílẹ̀.

Kò wọ̀ ọ́. Bóòtù kan wọlé, àwọn yòókù ń wo ara ríìmù. Wẹ́dà yí i, ó tún un yí, ó gbé ìkejì, bákan náà ni. Ó fẹ́ fi iná fẹ ihò náà, mo dúró níwájú rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fẹ èmi. Kálukú bá rọra ń lọ sílé. Ẹni tó fẹ́ rà á nìkan ló dúró, ó ní òun yóò padà wá, pé irin rẹ̀ nìkan tiẹ̀ wúlò fún òun.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ṣé o fi tépù wọ̀n ọ́n, àbí ojú lo fi wọ̀n ọ́n? Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ọ ṣe kedere. N kò sọ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n o ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé o kò fẹ́ kí n gùn ún, ẹni tí kò bá sì fẹ́ nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí i. Oṣù mẹ́ta ló kù kí wọ́n wọn àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo rò pé mo ti ní ẹsẹ̀.

Ìyá rẹ

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn dùn mí. Mo ti ń bá táyà ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, n kò sì fi ojú wọn nǹkan rí. Lẹ́tà yín wà níwájú mi báyìí. Mẹ́rin àbọ̀ lẹ kọ, mẹ́rin àbọ̀ ni mo fi ránṣẹ́. Jẹ́jẹ́ náà wọ̀n ọ́n kí n tó dì í. Bí mo bá fẹ́ dí yín lọ́wọ́ ni, ǹ bá ti sọ pé n kò rí, ǹ bá sì sinmi lọ́jọ́ Sátidé dípò kí n wà lábẹ́ òkìtì táyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹlòmíràn tún bóòtù yẹn wọ̀n, kí ẹ kọ ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí mi. N kò mọ ohun mìíràn tí màá ṣe.

Ẹ bá mi kí Bàbá.

Ọmọ yín

Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Màmá,

N kò tíì rí èsì. Mo pè, Bàbá ló gbé e, ó ní ẹ ń sùn. Mo tún pè, ó tún ní ẹ ń sùn. Ẹ kì í sun tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ẹ rán fún mi nígbà tí mo ń bọ̀. Mo fẹ́ gbé táyà kan sókè, mo kọ́kọ́ ká apá ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mejì bí mo ti máa ń ṣe kí ọwọ́ mi tó lè yọ. Mo wá dúró. Màmá, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. N kò tún ga mọ́ láti ọdún kẹrìndínlógún mi. Kí ló dé tí mo ṣì ń ká apá ẹ̀wù tí ìyá mi fúnra rẹ̀ wọ̀n sí mi lára?

Mo rántí aṣọ ilé ìwé mi. Ó máa ń tó mi wọ̀ fún odindi ọdún mẹ́ta, ọdún kẹta nìkan ló sì máa ń bá mi mu. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Aṣọ-ń-Rìn. Ẹ máa ń sọ pé ọmọ yóò dàgbà, ẹni tó bá gé aṣọ láìfi àyè sílẹ̀ kò mọ iṣẹ́.

Màmá, ṣé ẹ fi àyè sí bóòtù yẹn?

Ẹ kàn dá mi lóhùn. N kò bínú mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ èyí, ìyá rẹ kò mọ̀. Ara wa le.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, tí o ti ní kí wọ́n tún un wọ̀n, ó kà á, ó sì fi í sábẹ́ máṣíìnì. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, ó mú tépù, ó jáde lọ bá alùpùpù náà. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó wọ̀n ọ́n, ó dúró, ó tún un wọ̀n. Ó wọlé, ó ní òun kò jẹun àárọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ alùpùpù mọ́, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí o bá pè, yóò juwọ́ sí mi pé kí n ní òun ń sùn. Mo ti di onírọ́ lọ́jọ́ ogbó mi.

Ẹni tó fẹ́ rà á tún wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ní kó tà á. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tí yóò fi dì í, inú mi kò gbà á. Mo sọ fún un pé ẹni tó ni ín kò sí nílé. Ìyá rẹ wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ mi.

Kọ̀wé sí i. Bí o bá ti kọ ọ́, tún òmíràn kọ. Má sọ pé mo bá ọ sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù keje

Ẹlẹ́rìn-ín mi, Aṣọ-ń-Rìn,

Mo fi àyè sí i.

Bí mo ṣe rí ìbéèrè rẹ, ẹ̀rín pa mí, omi sì tún ń bọ́ lójú mi, bàbá rẹ kò mọ èyí tí yóò bá mi ṣe níbẹ̀. Íǹṣì mẹ́rin géérégé ni. Mo wọ̀n ọ́n, mo rí mẹ́rin lójú ara mi, ọwọ́ mi sì kọ mẹ́rin àbọ̀. N kò ronú sí i rárá. Láti ìgbà tí n kò tíì bí ọ ni mo ti ń rí mẹ́rin tí mo ń kọ mẹ́rin àbọ̀, kò sì sí ọmọ tí kò wulẹ̀ dàgbà bá a. Mo wá ń dúró kí irin dàgbà.

Ojú tì mí, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ kò dára. Ìwọ ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe, mo sì pè ọ́ ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Má bínú, ọmọ mi. Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Àmọ́ mo ti ronú. Bí mo bá gé aṣọ tóbi, n kì í jù ú nù, mo máa ń wá ẹni tó bá a mu ni. Táyà méjì yìí dára, n kò ní dá wọn padà. Ohun tó wà lára alùpùpù la máa pààrọ̀. Wẹ́dà sọ pé irin róbótó tí bóòtù wà lára rẹ̀, hóòbù ni wọ́n ń pè é, òun lè bọ́ ti tẹ́lẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá bí o bá lè rí méjì tí bóòtù wọn bá ihò táyà rẹ mu. Ó kàn nílò kí ihò àárín rẹ̀ gba ọ̀pá náà. Íǹṣì kan ni ọ̀pá náà nípọn. Bàbá rẹ ló wọ̀n ọ́n, wẹ́dà sì tún un wọ̀n. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan tépù, kí n máa wò wọ́n láti orí àga.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọn àwọn ọmọ ti ń sún mọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi tààrà.

Ìyá rẹ

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Mo ti rẹ́rìn-ín débi tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ pé ìyá mi fi àyè ìdàgbà sí bóòtù. Ó jókòó. N kò rí i kó jókòó lẹ́nu iṣẹ́ rí. Nígbà tó rí ohùn rẹ̀ padà, ó ní òun fúnra òun ni yóò wá hóòbù náà.

Ó rí méjì lára kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tí wọ́n gbé wá tú. Bóòtù mẹ́rin, mẹ́rin àbọ̀ tòótọ́, ihò àárín íǹṣì kan. Ó kọ́kọ́ bi mí léèrè ẹni tó wọn ọ̀pá náà. Mo ní bàbá mi àti wẹ́dà. Ó ní ó dáa. Ó fọ inú wọn, ó fi gíríìsì sí wọn, kò sì yára rárá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó tó dì wọ́n pa, kó gbé táyà sí i, kó yí i lófìfo, kó tẹjú mọ́ etí rẹ̀. Bí etí táyà bá ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, hóòbù náà kò jókòó dáadáa nìyẹn, kó tún un tò. Kí ẹ tó jáde lọ sójú títì, ẹ kọ́kọ́ gùn ún yí ilé ká, kí ó tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Obìnrin kan tí à ń jọ gbé ilé ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kẹwàá, ó ti fi wọ́n àti lẹ́tà yìí sínú ẹrù rẹ̀, mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé wọn kí wọ́n má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo ti sọ fún Bàbá lórí fóònù, yóò lọ pàdé rẹ̀.

Màmá, ẹ̀rù kò tíì fi mí sílẹ̀, n kò ní parọ́. Màá máa ronú nípa yín láago méje àárọ̀ lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi kò tó ohun tí èèyàn fi ń ti ìyá rẹ̀ mọ́lé. Ẹ lọ wọn àwọn ọmọ yín.

Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Kí ọ̀gá rẹ fún mi, sọ fún un pé mo fẹ́ rán ẹ̀wù kan fún un. Kó fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́, kí ìwọ sì bá mi wo ohun tó bá kọ.

Ó wọ̀ ọ́. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́dà wo bàbá rẹ, bàbá rẹ sì wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí táyà náà bí o ṣe wí, etí rẹ̀ dúró ṣinṣin. Mo gùn ún yí ilé ká lọ́jọ́ Sátidé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó di aago méje, mo ti wà ní géètì ilé ìwé. Aránṣọ tó ya ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára ìlẹ̀kùn, ó wá wo táyà mi. Ó bi mí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo ní ọmọ mi obìnrin ló ṣe é. Má dá mi lẹ́bi, ọ̀rọ̀ wẹ́dà gùn jù láti sọ láàárọ̀.

Mo wọn gbogbo àwọn ọmọ náà, kíláàsì sí kíláàsì. Kò sẹ́ni tó tẹ fèrè pè mí. Ọmọbìnrin kékeré kan ń ṣe jàgídíjàgan, mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì mi mú dání, mo sì dúró tì í títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, torí pé èmi ni mo mọ ìgbà tí mo fẹ́ lọ sílé. Ọ̀gá wọn ti gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Lọ́jọ́ Fúráìdè tí mo parí, mo ń bọ̀ wálé. O rántí ibi tí ọ̀nà wa ti yà kúrò lójú títì. Mo dé ibẹ̀, n kò yà. N kò mọ ìgbà tí mo pinnu rẹ̀. Mo gba iwájú lọ, mo kọjá ilé epo, mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń gé pákó, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lọ́rùn lábẹ́ akoto, títí mo fi dé orí afárá. Mo dúró níbẹ̀, mo wo omi fún ìgbà díẹ̀. Ìbàdí mi kò dùn mí. Inú mi dùn, ọmọ mi, inú mi dùn gan-an ni.

Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ ti ń dúró níta, ó ti wọ bàtà láti wá mi lọ. Ó bi mí níbi tí mo lọ, mo ní orí afárá. Ó ní kí ni mo lọ ṣe níbẹ̀, ta ló ní kí n wá. Mo ní kò sẹ́ni tó ní kí n wá, n kò sì ní nǹkan kan láti ṣe níbẹ̀. Ó wù mí láti lọ ni, mo sì lọ.

Ìyá rẹ